Ẹ Bi Ìyá Léèrè Kí Òkúta Tó Dé Ẹ̀yìnkùlé

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ ti rí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ṣe, ilé náà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò: àwọn tí ń gbé inú rẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ, ọ̀nà tí omi ń gbà kọjá, àti àwọn aládùúgbò tí ilé wọn fara ti tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ́pọ̀ lóde òní ní àwọn ìlú ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, láti Ìjerò dé Arámọkọ, láti Arámọkọ dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ni pé òkúta ni ó ń kọ́kọ́ dé, ìbéèrè ni ó ń kẹ́yìn.

Ọmọ ilé tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá tàbí ní òkè òkun yóò fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun tún ilé bàbá òun ṣe. Bírìkìlà yóò rẹ́ ògiri, wọn yóò pààrọ̀ páànù, wọn yóò kun ilé ní ọ̀dà. Nígbà tí iwájú ilé bá ti dára tán, ojú yóò yí sí ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí ewúro tí ó ti di igi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ṣù jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, odó tí a dojú rẹ̀ dé, àti ọ̀nà tóóró kan tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ títí tí ó fi ń dán. Wọn yóò ní igbó ni. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo rẹ̀ yóò ti pòórá.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan a da kọnkéré bo gbogbo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, kí koríko má baà hù níbẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn, tí ojú wọn ti rí ọgbà àwọn ọlọ́lá ní ìlú ńlá, a la ọ̀nà olókúta wẹ́wẹ́, wọn a sì kọ ebè sí ọ̀tún àti sí òsì fún òdòdó. Nínú méjèèjì, ti kejì ni ó sàn jù, kò sì sí ohun àjèjì nínú rẹ̀ bí a bá yẹ ìtàn wò. Bí àléébù bá wà níbẹ̀, kò sí lára òkúta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lára ebè. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a gbé ètò ọgbà náà lé lọ́wọ́ ni ó wà. Ìyá ilé ni ó ni ẹ̀yìnkùlé, síbẹ̀ ọmọ àti bírìkìlà ni wọ́n ń pín in mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Ilẹ̀ tí ó ní iṣẹ́

Nínú àṣà Yorùbá, iwájú ilé ni ti bálé. Ibẹ̀ ni ó ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò. Ẹ̀yìnkùlé ni ti ìyálé àti àwọn obìnrin ilé. Ẹni tí ó ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ kàn ṣèèṣì hù ni. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ètò wà níbẹ̀, ètò náà sì mọ́gbọ́n dání.

Ilẹ̀ tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná jẹ́ ilẹ̀ gbígbá. Àràárọ̀ ni ìgbálẹ̀ ń kàn án, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti ń gún iyán, ibẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́ àti ata, ibẹ̀ sì ni ojú ti lè tètè rí ejò tàbí àkekèé kí ó tó wọlé. Lẹ́yìn ilẹ̀ gbígbá ni ẹ̀fọ́ tí a ń já lójoojúmọ́ wà: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewédú, ilá àti ata wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ balùwẹ̀ ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò, nítorí pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn omi, wọ́n sì ń mu omi ìwẹ̀ tí ìbá dá ọ̀gọ̀dọ̀ sílẹ̀. Ewúro àti efinrin ń gbé ibi tí ọwọ́ ti lè tó wọn lóru, nítorí pé inú rírun ọmọdé kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́. Níbi tí ilẹ̀ ti tutù lẹ́bàá ìkòkò omi ni rinrin àti ọ̀dúndún máa ń wà. Ààtàn ló wà ní ìpẹ̀kun pátápátá, ibẹ̀ ni a sì ti ń bu ilẹ̀dú tí a ó kó sídìí ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ náà "ọgbà" pàápàá ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Bí Yorùbá bá ní "ọgbà," wọ́n lè máa sọ ohun tí ó yí ilẹ̀ ká, wọ́n sì lè máa sọ ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀. Kò ya ni lẹ́nu bí orúkọ kan bá dé àwọn méjèèjì, nítorí pé láyé àtijọ́ ohun tí a fi ń sọ ọgbà náà wà láàyè bí ohun tí a gbìn sínú rẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún, ìyeyè, akòko àti bọ̀tujẹ̀ ni a ń gé ní ọ̀pá tí a ń rì mọ́lẹ̀, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń ta gbòǹgbò. Pẹ̀rẹ̀gún ń fi ààlà hàn. Akòko ń pèsè ewé fún ọjọ́ ìwúyè. Ìyeyè ń bọ́ ewúrẹ́. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ń dá ẹran dúró, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ó sì ń jẹ́ kí ìyálé ilé méjì lè kí ara wọn láàárọ̀ láìjáde síta.

Ẹ̀yìnkùlé tún jẹ́ ibi ìrántí. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, ibẹ̀ ni a ti ń sin ibi ọmọ. Nígbà mìíràn a ó gbin igi sí ojú ibẹ̀, igi náà yóò sì máa jẹ́ ti ọmọ yẹn títí ayé rẹ̀. Àwọn bàbá mìíràn wà tí ibojì wọn kò jìnnà síbẹ̀. Bírìkìlà tí a pè wá láti ìlú mìíràn kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín igi tí ó jẹ́ ti ọmọ àti igi tí ẹyẹ gbin èso rẹ̀. Ìyá mọ̀ ọ́n. Bí ó bá jẹ́ ìdí kan ṣoṣo tí ó fi yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ nìyí, ìdí náà tó.

Òkúta kì í ṣe àlejò

Àwọn kan wà tí wọ́n ń bínú sí ọ̀nà olókúta pé àṣà òyìnbó ni. Ìbínú wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn baba ńlá Yorùbá ti ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ọ̀nà. Wọn a to àpáàdì náà ní ìnàró, kí etí rẹ̀ kọjú sókè, ní ìlà-ìlà. Ní ibòmíràn, wọn a fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín àwọn ìlà náà, kí iṣẹ́ náà lè ní ọ̀ṣọ́. Frank Willett rí irú rẹ̀ nígbà tí ó ń walẹ̀ ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957. Ekpo Eyo rí i ní Láfogídò ní ọdún 1969. Peter Garlake náà rí i ní ilẹ̀ Ọbalárá láàárín ọdún 1971 sí 1972. Òjò tí ó ti rọ̀ sórí iṣẹ́ wọ̀nyí kò níye, síbẹ̀ wọn kò tí ì tú ká.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Ifẹ̀ so iṣẹ́ yìí mọ́ Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, pé òun ni ó pàṣẹ kí a tẹ́ àwọn òpópó ìlú. Bí ó ti wù kí a túmọ̀ ìtàn náà, ó yẹ kí a kíyè sí i pé obìnrin ni ó fi sí ìdí ọ̀nà olókúta. Ní ààfin Ọlọ́wọ̀ pẹ̀lú, níbi tí àgbàlá ti pọ̀ gan-an láyé àtijọ́, òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì ni wọ́n fi tẹ́ àwọn kan nínú wọn. Ẹni tí ó bá ń tẹ́ òkúta sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìjerò lónìí kò jí àṣà ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ baba rẹ̀ ni ó padà sí.

Kódà, a kò nílò láti lọ dé ààfin. Àgbẹ̀ Èkìtì mọ ọ̀nà inú ebè kí bírìkìlà tó dé. Àárín ebè kan sí èkejì ni à ń pè ní poro. Poro ni àgbẹ̀ ń tọ̀ kí ó má baà tẹ ebè mọ́lẹ̀. Poro náà ni omi òjò ń gbà. Ọ̀nà olókúta inú ọgbà òde òní, poro ni, àfi pé a tẹ́ nǹkan sí i. Bí a bá wò ó báyìí, a ó mọ̀ pé ẹrù méjì ni ó ń rù: ẹsẹ̀ àti omi. Ẹni tí ó bá la ọ̀nà fún ẹsẹ̀ nìkan ti ṣe àbọ̀ iṣẹ́.

Ilẹ̀ olókè, omi aláìnísùúrù

Orúkọ Èkìtì ń rán ni létí òkìtì, ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì purọ́ mọ́ orúkọ náà. Òkè tí ó yí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ká, tí ó nà lọ sí ìhà Òkèmẹ̀sí ní apá kan, tí ó sì nà dé Ìkògòsì ní apá kejì, jẹ́ òkè òkúta funfun líle tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi orúkọ Ẹ̀fọ̀n pè nínú ìwé wọn. Láti inú irú òkúta yìí ni omi gbígbóná Ìkògòsì ti ń sun jáde, tí ó ń ṣàn lọ pàdé omi tútù. Òkúta yìí kan náà ni ó ń rún díẹ̀díẹ̀ tí ó ń di òkúta wẹ́wẹ́ tí ọmọ Èkìtì ń rí lẹ́sẹ̀ òkè láìrìn jìnnà. Nítorí náà, òkúta kò wọ́n ní agbègbè náà.

Omi ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ọdún, òjò tí ó bá rọ̀ sórí òkè kì í pẹ́ kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ilé kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kẹta tún wà nísàlẹ̀ èkejì. Nígbà tí ẹ̀yìnkùlé ilé òkè jẹ́ ilẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ó ń mu púpọ̀ nínú omi náà. Ewé ń gba agbára òjò, gbòǹgbò ń di ilẹ̀ mú, poro ń fa omi lọ ní ìrọ̀rùn. Ọjọ́ tí kọnkéré bá bò ó, omi orí páànù àti omi ilẹ̀ yóò para pọ̀ di ọ̀gbàrá kan ṣoṣo, yóò sì wọ ẹ̀yìnkùlé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Bí ilé onítọ̀hún bá jẹ́ ilé alámọ̀ ayé àtijọ́, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò rí sìmẹ́ǹtì rí, ọ̀gbàrá náà yóò máa jẹ ẹsẹ̀ ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún títí ògiri yóò fi là. Àwọn àgbà ní òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá tí à ń wí yìí mọ ilé tí ó ń lọ, nítorí pé ènìyàn ni ó la ọ̀nà fún un.

Ìjà tí ó bá ti ibẹ̀ wá kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni òkè yóò ní òun kò da omi sí ẹnikẹ́ni lára, Ọlọ́run ni ó rọ òjò. Ẹni ìsàlẹ̀ yóò ní láyé bàbá òun, omi kò gba ibẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn olórí ẹbí, yóò dé ọ̀dọ̀ ìjòyè àdúgbò, ó sì lè dé ààfin. Àwọn méjì tí bàbá wọn jọ ṣe ọ̀wẹ̀ kọ́ ilé wọn kò ní í kí ara wọn mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá tí ó ti gbá ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé náà fún 40 ọdún ìbá ti fi ìka tọ́ka sí ibi tí omi ń gbà kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, nítorí pé òun ni ó ń rí ipa ẹsẹ̀ omi náà ní àràárọ̀ lẹ́yìn òjò.

Ohun kan tún wà. Omi tí ilẹ̀ kò mu, kànga kò ní í rí i. Agbo ilé tí ó bá da kọnkéré bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń lé omi òjò kúrò nígbà tí ó pọ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, tí kànga bá lọ sílẹ̀, yóò máa wá omi káàkiri. Òkúta wẹ́wẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ ènìyàn kúrò nínú ẹrẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí omi gba àárín rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé ibi tí òkúta náà ti wá. Ní agbègbè Ìjerò, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ti rí ohun tí kòtò tí a gbẹ́ tí a kò dí ń dà nígbà òjò. Ẹni tí ó bá lọ ń gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè tàbí etí odò láti kó òkúta sí ọgbà rẹ̀ ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe, ó ń ba ilẹ̀ ìlú jẹ́. Òkúta tí a hú jáde nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, àti àpáàdì tí ó wà ní ààtàn sábà máa ń tó fún ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Òkúta díẹ̀ ni a ó rà lé e lórí.

Ẹjọ́ ọmọ àti ẹjọ́ ìyá

Kò yẹ kí a dá ọmọ lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní igbó ń fa ejò, òótọ́ ni. Ó ní omi tí ó dúró sínú àfọ́kù ìkòkò ń bí ẹ̀fọn. Òótọ́ ni, àwọn wolé-wolé ayé ìjọba òyìnbó kò sì fi ojú kékeré wo onílé tí wọ́n bá bá tanwíji nínú ìkòkò rẹ̀. Ó ní ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lè yọ̀ mọ́ ìyá lẹ́sẹ̀, kí eegun rẹ̀ sì ṣẹ́. Èyí pàápàá tọ́. Ìfẹ́ ni ó mú un fi owó ránṣẹ́, ó sì yẹ kí a kí i fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ti ìyá. Kọnkéré tí a dán lójú ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ bí ewédò bá ti hù sí i nígbà òjò. Bí oòrùn bá mú, ó ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ lásán kò ṣe é tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀fọ́ tí ìyá ń já lánàá ti di ohun tí yóò rà lọ́jà lónìí. Aládùúgbò tí ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá bù iyọ̀, tí ń wá já efinrin, tí yóò sì tètè fura bí ìyá kò bá jí dáadáa, ògiri tuntun ti dí i lọ́nà. Àgbàlagbà tí ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ẹ̀fọ́ rẹ̀, tí ń fa koríko díẹ̀, tí ń bomi rin díẹ̀, ara rẹ̀ máa ń yá. Ọjọ́ tí kò bá rí ibi tí yóò rìn dé mọ́, orí àga ni yóò jókòó sí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ilé ti dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ti di àlejò nínú rẹ̀.

Àdánù náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ orúkọ ewé. A ó rán an pé kí ó lọ já ewúro wá. Bí ó bá já ewé mìíràn wá, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì tún un rán. Ọmọ tí kò rí irú ẹ̀kọ́ yìí gbà lè gbọ́ Yorùbá láìmọ ohun tí Yorùbá ń wí. Bí àgbà bá ṣàdúrà fún un pé kí ayé rẹ̀ tutù bí rinrin, kò ní í mọ ohun tí ń tutù. Bí a bá ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ̀ láwùjọ ẹ̀fọ́, ohùn ni yóò gbọ́, ọ̀rọ̀ yóò sì fò ó dá. Ará Èkìtì tí ó ń pe ilé ní "ulé" yẹ kí ó bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò ku ulé láìku ewé kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ìjọba pàápàá ti mọ iyì irú ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ètò OFN kalẹ̀ pé kí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà máa bọ́ ara rẹ̀, a rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n gbin nǹkan sí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ètò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn kò tíì gbó. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1908 ni ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti máa wá ilẹ̀ kékeré fún ará ìlú tí ó bá fẹ́ dá oko ẹ̀fọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ń gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fi ìṣòro gbin ẹ̀fọ́ ilé wọn nínú òtútù. Ó ṣeni ní kàyéfì pé ẹni kan náà tí ń san owó láti rí ilẹ̀ gbin tẹ̀tẹ̀ ní ìdálẹ̀ lè máa san owó kí a fi kọnkéré bo tẹ̀tẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n.

Bí a ó ti ṣe é

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí ọmọ bá ìyá rìn yí ẹ̀yìnkùlé ká lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí wọ́n ri èèkàn mọ́ ibi tí omi ń gbà, kí wọ́n sì fi eérú fa ìlà sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tọ̀. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là láti ọdún pípẹ́ ni ó yẹ kí ó di ọ̀nà olókúta, nítorí pé ẹsẹ̀ kì í purọ́. Igi tí ìyá bá ní a kò gbọdọ̀ gé, kí ọ̀nà yà fún un.

Lórí ilẹ̀ olókè, kí ọ̀nà gba ìbú, kí ó má ṣe kọjú sí ìsàlẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀nà tí ó bá lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ yóò di odò ní òjò ńlá àkọ́kọ́, òkúta rẹ̀ yóò sì bá omi lọ. Bí kò bá ṣeé yà, kí a gé e ní àtẹ̀gùn, kí òkúta ńlá sì di ẹnu àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan mú. Ìbú ẹsẹ̀ bàtà 3 tó fún ẹni tí ó ru igbá tàbí tí ó ń ti bárò. Kí a wa ilẹ̀ ojú ọ̀nà náà kúrò ní ìwọ̀n ínṣì 4, kí a má sì dà á nù, nítorí pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Orí ebè ni kí a kó o sí. Kí a fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti àpáàdì kún ìsàlẹ̀, kí a gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a wá tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí ní ìwọ̀n ínṣì 2. Òkúta tí ó ní igun ni ó dára jù, nítorí pé ó ń di ara rẹ̀ mú. Èyí tí ó rí rogodo máa ń yí mọ́ àgbàlagbà lẹ́sẹ̀. Òkúta ńlá tàbí ìgò tí a dojú rẹ̀ bolẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní ilé àwọn olùkọ́ láyé ijọ́un, yóò pààlà sí etí ọ̀nà kí òkúta má baà wọ inú ebè.

Ní ti ebè, kí ìbú rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ ilẹ̀ rẹ̀. Kí a fi búlọ́ọ̀kù gbé ọ̀kan tàbí méjì sókè dé orúnkún, kí ìyá lè máa ro ó láìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀fọ́, ata àti efinrin ni kí ó sún mọ́ ilé ìdáná jù. Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò dúró sí ẹsẹ̀ balùwẹ̀ wọn. Òdòdó náà ní àyè tirẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ojú máa rí ohun tí ó dùn, kìkì pé kí ó má lé ẹ̀fọ́ kúrò nílé. Bí ògiri bá di dandan nítorí olè, kí ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára rẹ̀ fún aládùúgbò. Níbi tí omi ti ń jáde kúrò nínú ọgbà, kí a gbẹ́ kòtò, kí a fi òkúta kún un, kí omi lè rì síbẹ̀ kí ó tó kọjá. Kí a sì pe ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ wá wò ó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a bá jọ sọ ṣáájú òjò kì í di ẹjọ́ lẹ́yìn òjò.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni ọkọ́, àdá àti ọwọ́ àwọn ọmọ ilé lè ṣe. Ohun tí kò ṣeé fi owó rà níbẹ̀ ni ìmọ̀ tí ìyá ti kó jọ láti ọjọ́ tí a ti gbé e wọ ilé náà ní ìyàwó. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé, bírìkìlà kò sì ní i. Bí ìyá bá sì lọ láìjẹ́ pé a bi í léèrè, ó bá a lọ nìyẹn. Nítorí náà, bí típà òkúta bá dé ẹnu ọ̀nà lọ́la, kí awakọ̀ rẹ̀ ní sùúrù díẹ̀. Kí a pe ìyá jáde, kí ó wá sọ ibi tí a ó da òkúta sí.